Orúkọ Mi Kò Sí Nínú Àdúrà Bàbá Mi Mọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Inísà ni mo wà. Ẹ má dárúkọ mi, torí rédíò kì í kú nílé wa.

Kí bàbá mi tó di pásítọ̀ àwọn ṣọ́jà, àdúrà òwúrọ̀ wọn gùn débi pé mo lè wọ bọ́ọ̀sì lọ Òkukù, kí n sì dé kí wọ́n tó ṣàmín. Ṣùgbọ́n wọn kì í fo orúkọ ọmọ kankan.

Wọ́n wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orúkọ àwọn ṣọ́jà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sin ni wọ́n ń pè títí ẹkún á fi gbé wọn. Wọn kì í dé orí àwa ọmọ mọ́. Màmá mi á ní, “Ṣàmín, jàre.”

Mo ń ṣe é. Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n rán bàbá mi létí pé èmi ṣì wà láàyè?