Ta Ni Asúnniṣe?

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, kìnnìún orí fóònù,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ rẹ ti ń sàn? Ohùn tìrẹ náà ńkọ́? Mo ní láti béèrè, torí pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ràn tí o ti pariwo sí mi létí, ó yẹ kó ti há. Ara tèmi le, bí a bá yọ ti èjìká ọ̀tún kúrò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, o bi mí pé kí ló ń jẹ́ asúnniṣe tí ọ̀gá mi ń wá kiri. Ó dáa, jẹ́ kí n là á yé ọ. Asúnniṣe ni ẹni tí kò ní fọwọ́ ara rẹ̀ kan nǹkan, ṣùgbọ́n tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tìrẹ sinmi. Bí nǹkan náà bá yọrí sí rere, olùdámọ̀ràn là ń pè é, a ó sì wá àga fún un níwájú. Bó bá dàrú, adájàsílẹ̀ ni, nígbà tí a ó sì fi wá a débẹ̀, ó ti sá lọ. Bóyá o mọ ẹnì kan tó jọ ọ́.

O rántí yàrá tí a ti ń yan búrẹ́dì. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, ọ̀gá sì máa ń fi àgádágodo tì í láti ìta bó bá ń jáde, kí á má baà jí búrẹ́dì rẹ̀ kó. Ọ̀gá fẹ́ràn wa púpọ̀. Kò fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí wa kí òtútù má baà mú wa! Ìwọ lo máa ń sọ pé, "Bó bá jẹ́ èmi ni, mo ti fọ́ ilẹ̀kùn yẹn tipẹ́! Àbí ewúrẹ́ ni yín ni?" Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá tì wá mọ́lé, ó lọ gẹrun. Iná ń jó nínú ààrò méjèèjì. Màmá Ìyẹ̀fun, àgbà obìnrin tó ń jọ ìyẹ̀fun fún wa, tó tún jẹ́ àbúrò ìyá tó bí ọ̀gá, gbé ajọ̀ sílẹ̀. Ó ní ojú ń ṣú òun, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. A pe ọ̀gá, kò gbé fóònù. A lu ilẹ̀kùn títí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo wo màmá, mo rí i pé èémí rẹ̀ ti ń fò. Mo bá fà sẹ́yìn, mo fi èjìká kọ lu ilẹ̀kùn. Mo tún kọ lù ú, mo tún kọ lù ú, títí ìṣó fi tú. A gbé màmá síta, a bu omi sí i lórí, ó lajú.

Ọ̀gá dé, orí ń dán. Ṣé o rò pé ara màmá ló béèrè? Ìṣó ló kọ́kọ́ ṣà nílẹ̀. Ó ní kí gbogbo wa tò.

"Ta ni asúnniṣe?" Èmi ló ń bi. "Ìwọ Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ yìí ò lè dá irú èyí rò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la tí o ò dárúkọ ẹni tó tì ọ́, máa lọ sílé ẹ."

Ohun tó mú mi pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn. Mo rò pé wàá bú ramúramù. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lo bi mí, lẹ́yìn náà lo wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, má dárúkọ mi o. Ọkọ mi àti ọ̀gá yín mọra." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa fóònù, ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá tún tò wá. Kí n tó la ẹnu, Màmá Ìyẹ̀fun, tí a ní kó sinmi nílé, ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀.

"Èmi ni asúnniṣe," ó wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀, màmá?"

"Èmi mà ni. Bí mi ò bá ṣubú, ṣé Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ á fọ́ ilẹ̀kùn ni? Ó yá, lé mi." Ọ̀gá wolẹ̀. Màmá ò tíì tán. "Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ẹ́ dàgbà. Ǹjẹ́ mo tì ẹ́ mọ́lé rí?"

Ọ̀gá wú ikọ́ tí kò ṣe é, ó ní kí kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò lé ẹnikẹ́ni. Kò bẹ̀bẹ̀ náà o. Ọ̀gá máa ń ṣàṣìṣe ni? Ṣùgbọ́n láti àná, gbayawu ni ilẹ̀kùn wà.

Fọkàn balẹ̀, mi ò dárúkọ rẹ. Nígbà tí mo ń fi èjìká kọ lu pákó yẹn, kò sí ohùn rẹ kankan létí mi. Ẹni tó sún mi ṣe é wà nílẹ̀ níwájú mi, kò lè sọ̀rọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o bá mi fọwọ́ ra ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Bí ìmọ̀ràn bá ṣì kù, máa gbé e bọ̀ fúnra rẹ. Ilẹ̀kùn ti ṣí.

                                        Èmi ni tìrẹ síbẹ̀síbẹ̀,
                                        Pẹ̀lẹ́ńgẹ́.