Sàífùlláhì, Wọ́n Fi Orúkọ Rẹ Ta Omi

Ọdún márùn-ún rèé, Sàífùlláhì, tí kíndìnrín rẹ daṣẹ́ sílẹ̀ tí o sì fi wá sílẹ̀ ní àdúgbò wa, Albarika. Èmi Rùqáyyàh, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé, nítorí ìyàwó rẹ ní òun kò lè sọ ọ́ kí ẹkún má gba ohùn mọ́ òun lẹ́nu.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára. Sàlmà ọmọ rẹ ti wọ yunifásítì, fisíìkì tí o kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òun náà ń kọ́. A ti kan páànù sí yàrá méjì ẹ̀yìn tí o fi sílẹ̀ láìní òrùlé. Ìyàwó rẹ ṣì ń ránṣọ, ó ti ra ẹ̀rọ kejì. Inú rẹ ìbá dùn.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló wà lọ́kàn mi. Èyí tó wà lọ́kàn mi ń rí mi lára. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń rí mi lára, mi ò sì ní fi í pa mọ́ fún ọ.

O mọ ìràwọ̀ onírù rẹ. Ta ló gbé ilé wa tí kò mọ̀ ọ́n? Ìràwọ̀ tó máa ń yí oòrùn po, tó máa ń padà wá sí tòsí wa lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà ààbọ̀. Ọdún tí a bí Sàlmà ni àwọn òyìnbó fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, ọkọ̀ tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ọkọ̀ náà fi rìn. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí àwọn ọmọ kíláàsì bá bi ọ́, wàá ní, "Ó ṣì ń lọ." Wọ́n sọ ọ́ di orúkọ fún ọ, ìwọ olùkọ́ wọn: Pùrófù Ó-Ṣì-Ń-Lọ. Nígbà tó débẹ̀ tó sì fẹ́ sọ ẹ̀rọ kékeré kan kalẹ̀ sórí ìràwọ̀ náà, tẹlifíṣọ̀n ilé wa lo gbé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kí àwọn ọmọ lè rí i. Ẹ̀rọ náà ta bí bọ́ọ̀lù, ó lọ há sí abẹ́ àpáta níbi tí oòrùn kò ti ráyè tàn sí i, agbára rẹ̀ tán, ó sì sùn. O wálé, o kò jẹun. Mo bi ọ́ pé ta ló kú.

Èyí tó máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín jù ni ti òórùn. O ní ọkọ̀ náà ní ohun tó fi ń gbóòórùn bí imú, ó sì gbóòórùn atẹ́gùn tó ń jáde lára ìràwọ̀ ẹlẹ́wà náà: ẹyin tó ti bàjẹ́, àti ìtọ̀ ẹṣin. Kò sí ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ nígbà náà tí kò gbọ́ ọ.

O lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ìràwọ̀ náà padà wá, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Mùktárù náà gbọ́.

Mùktárù, ọmọ àbúrò bàbá wa, ẹni tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà tí o fi dùbúlẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Ladjifarani, ó gbé fọ́tò rẹ kọ́ sára ògiri, ó ní aríran ni ọ́. Ó ní ìwọ àti ìràwọ̀ onírù ni ẹ jọ mulẹ̀, pé o fi àṣírí rẹ̀ lé òun lọ́wọ́ kí o tó kú, àti pé omi tó ti ara ìràwọ̀ náà jáde ló wà nínú ike tí òun ń tà. Omi náà ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo àgàn, ó ń wo àtọ̀gbẹ. Ìwọ tí o kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ońdè mọ́ ọmọ rẹ lọ́rùn!

Àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀. Màrwá wà lára wọn, Màrwá tó máa ń jókòó níwájú pátápátá ní kíláàsì rẹ. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà. Ó pa abẹ́rẹ́ tì, ó ń mu omi Mùktárù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹrà. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún. Mo lọ wò ó, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Tàntí, fọ́tò Pùrófù ni mo rí," ó ní. "Mo ní Pùrófù kò parọ́ fún mi rí."

Mo jáde síta, mo bì. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rí mi lára.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn àgbà ilé wa lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí n má gbé e síta. Mùktárù ló ń gbé ìrẹsì àti ṣúgà fún wọn nígbà ààwẹ̀. Ìrẹsì ló dí wọn lẹ́nu. Àwọn àgbà tó gbé òkú rẹ sin, Sàífùlláhì! Mi ò lè bá wọn jẹun nínú abọ́ kan náà mọ́.

Ni èmi àti Sàlmà bá lọ sí Ladjifarani lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kò tíì parí kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà. Ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Mùktárù rí wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí àbúrò yín fi sílẹ̀."

Sàlmà kí i dáadáa, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tó ń kí arákùnrin bàbá rẹ̀. Ó wá ní, "Tọ́ntọ̀n, ta ló bá yín gbé omi yìí wá láti orí ìràwọ̀?"

"Ọkọ̀ tí bàbá rẹ máa ń sọ ni."

"Ọkọ̀ yẹn kò padà wá. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, orí ìràwọ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé e sọ̀ sí. Ibẹ̀ ló wà títí dòní. Kò gbé ẹ̀kán omi kan wá sáyé."

Mùktárù ní ẹ̀mí ló gbé e wá, ọmọdé kò lè mọ̀. Sàlmà kò bá a jiyàn. Ó ṣí ike kan, ó da omi sí ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó wà lórí ìlà, ó ní kó bá òun gbóòórùn rẹ̀.

"Lọ́fíńdà ni," bàbá náà wí.

"Bàbá mi ní ẹyin bàjẹ́ àti ìtọ̀ ẹṣin ni òórùn ìràwọ̀ náà."

Obìnrin kan lẹ́yìn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Òótọ́ ló sọ. Pùrófù sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì." Ó gbé ike ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e.

Mo bọ́ sídìí ògiri láti yọ fọ́tò rẹ. Mùktárù gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Ìwọ tí o kò bu omi tí wọ́n fi wẹ òkú rẹ̀," mo ní. "Gbé ọwọ́ kúrò lára mi."

Ó gbé ọwọ́ kúrò, mo sì yọ fọ́tò rẹ.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo wọn ló lọ. Àwọn kan dúró, wọ́n sì bú wa jáde. Mùktárù kó kúrò ní Ladjifarani lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mo gbọ́ pé ó wà ní ìlú mìíràn, pé fọ́tò òkú ẹlòmíràn ló gbé kọ́ báyìí. Òkú ọlọ́kú, ọmọ ìyá ẹnìkan.

Lọ́dún yìí, àwọn àgbà ránṣẹ́ pé Mùktárù fẹ́ wá pa màlúù fún fìdáù rẹ, kó sì jókòó níwájú. Mo ní kí wọ́n má wá, àti òun àti màlúù rẹ̀. Àwa díẹ̀ la jókòó sínú ọgbà rẹ pẹ̀lú ááfà kan, a ṣe àdúà fún ọ, a jẹ ẹ̀wà. Màrwá fi ọ̀pá rìn wá. Ó sọ fún mi pé òun ń gba abẹ́rẹ́ òun déédéé.

Lánàá, ní ọjà Arzèkè, mo rí ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn, ó gbé báàgì kọ́ èjìká kan, ó ń yára rìn bí ìwọ. Mo pe orúkọ rẹ kí n tó mọ̀ pé mo ti pè é. Ó yíjú. Kì í ṣe ìwọ. Mo ní kó má bínú, ó ní kò séwu, ìyá. Mo sì dúró síbẹ̀ títí tó fi wọ àárín èrò.

Àárò rẹ ń sọ wá, Sàífùlláhì. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ibojì rẹ sí rere.