Ọjọ́ Tí Wọ́n Ka Ọkọ̀ Lọ́nà Ilé Ìgbẹ̀bí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìwé tuntun. Yorùbá nìkan ni màá fi kọ ọ́, bó tilẹ̀ dà bí ẹni ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ọdún mẹ́rìnlá lókè òkun kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun mi, ní ọ́fíìsì tó ń tún títì ṣe. Ìlú ń fẹ̀, ilé ń hù bí olú, títì ò bá a fẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ lọ́dún yìí ò ju ti ọ̀nà kan lọ, méjì ló sì ń dù ú: ọ̀nà Ilé Tuntun, níbi tí àwọn olówó ń kọ́lé sí, àti ọ̀nà Ilé Ìgbẹ̀bí – ọ̀nà tiwa. Èyí tí ọkọ̀ bá ti pọ̀ jù ló máa gbà á. Ọ̀la la máa ka ọkọ̀ ọ̀nà méjèèjì, mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, agbẹ̀bí ni. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fo kòtò ọ̀nà yẹn lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń yún mi lẹ́nu. Mo ní, "Àǹtí, àwọn ará ọ́fíìsì wa ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà wa lọ́la." Ó gbá mi mọ́ra. Ó wá fóònù ẹ̀ kiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gá Rúlà (inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, rúlà onírin kan kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀) ní ẹnì kan kì í ka ọkọ̀ níwájú ilé ara ẹ̀. Ilé Tuntun ni mo jókòó sí. Ọkọ̀ kan, ìlà kan. Tó bá pé mẹ́rin, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Bí mo bá pajú dé, ìlà ni mò ń rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Èsì dé. Ilé Tuntun, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ilé Ìgbẹ̀bí, igba ó lé méjìlá.

Igba! Ibo wá ni gbogbo ọkọ̀ tó ń jí mi láràárọ̀ gbà lọ? Ẹni tó lọ kà á ní ṣe ló dà bíi pé wọ́n ti lé gbogbo ayé kúrò níbẹ̀. Ó ní wọ́n gbé àga wá fóun, wọ́n gbé omi tútù wá, díẹ̀ ló kù kóun sùn lọ.

Ọ̀gá fi rúlà fa ìlà sábẹ́ Ilé Tuntun. Ó ní kí n kọ lẹ́tà tó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni owó. Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Obìnrin kan bímọ sínú takisí lónìí, níbi kòtò ńlá yẹn. Táyà kó sí i, kò jáde mọ́. Àǹtí sáré lọ bá wọn níbẹ̀. Nígbà tó máa fi padà dé, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún ẹ̀. Ó ní ìyá yè, ọmọ yè, díráfà ló kù díẹ̀ kó kú.

Ó bọ́ bàtà. "Kò ní pẹ́ mọ́. Ṣebí ẹ ti wá."



Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá Tíṣà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí lẹ́bàá ògiri. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní ṣé àwọn ò dí wa lọ́wọ́? Wọ́n ní àǹtí mi ló pe gbogbo àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan pé òṣìṣẹ́ ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ jáde, kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́. Àwọn onítakisí gan-an gba ẹ̀yìn ilé ìwé. "A pa á rọ́rọ́ fún yín!"

Mo rẹ́rìn-ín. 

Mo lọ bá Àǹtí ní ìdí iná, mo ṣàlàyé. Ọbẹ dúró lórí àlùbọ́sà. Ó ní, "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba ọ̀nà náà jẹ́." Mo ní rárá o, èmi ni. Òfin ọ́fíìsì ni pé a kì í sọ ọjọ́ tí a máa ka ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo buwọ́ lù ú. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán mi wò ò tíì pé.

Mo ní màá jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá lọ́la. Àǹtí ní, "Tí wọ́n bá lé ẹ ńkọ́?" Lẹ́yìn ìgbà yẹn, àlùbọ́sà nìkan ló gé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ fún Ọ̀gá. Ta ló sọ ọjọ́ fún wọn? Èmi ni, sà. Ó fi rúlà wọn etí tábìlì, bíi pé tábìlì ti gùn sí i. 

Ó ní ṣé mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gbọ́ pé a tún ń bọ̀, ọkọ̀ tó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn á jí dìde lọ́nà yẹn? Mo ní mo mọ̀. Ó ní wọ́n máa tún un kà. Mi ò ní mọ ọjọ́, mi ò ní mọ ẹni tó máa kà á. Bí òun bá gbóòórùn àrékérekè pẹ́nrẹ́n, Ilé Tuntun ni, ó parí. Ọ̀rọ̀ tèmi ṣì wà nílẹ̀.

Lẹ́tà tí mo kọ fún Ilé Tuntun ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀, kò tíì fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mi ò sọ fún Àǹtí pé wọ́n máa tún un kà. Ó yún mi lẹ́nu ju tàkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Èmi àti Àǹtí jùmọ̀ jáde láàárọ̀. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ agbòòrùn ní kọ̀rọ̀, ìwé lórí itan. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ ìwé náà.

Àǹtí rí i. Ó wò mí. Mo tẹjú mọ́ okùn bàtà mi.

Ó ní, "Mi ò bi ẹ́ ní nǹkan kan o."

Bàbá Tíṣà ti ń gbé àga bọ̀. Àǹtí ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà." Wọ́n ní ọkọ̀ àwọn wá ńkọ́, ṣé kí àwọn gbé e jáde ni àbí kí àwọn má gbé e jáde?

"Ibo lẹ fẹ́ lọ?"

"Kò síbi tí mo fẹ́ lọ."

"Ẹ jẹ́ kó wà nílé, bàbá."

Wọ́n gbé àga wọn padà, wọ́n ń kùn pé ayé ti bàjẹ́, èèyàn ò lè gbé àga fún àlejò mọ́.

Ọkọ̀ ń kọjá bí wọ́n ṣe máa ń kọjá. Takisí kan dé, ó rọra ń yẹ kòtò, aboyún kan di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú mú, ojú ẹ̀ ti le. Kí n tó yíjú, Àǹtí ti ń sáré tẹ̀ lé e, báàgì ẹ̀ ń gbá a nídìí.

Ọkùnrin abẹ́ agbòòrùn gbójú sókè. Ó fa ìlà kan.