Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

A ti sin yín, àwọn àlejò ti padà sí Ayétòrò. Màmá ní kí n tú àpótí ìwé yín. Ì bá sàn kí n má tú u.

Ṣé ẹ rántí 1,022,117? Ọ̀kẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta, ó lé ẹgbàá, ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́fà: bí ẹ ṣe máa ń kà á nìyẹn, bí ẹni ń ki ọmọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò lápò yín, tíṣà ni yín dé inú oko. Kò sí bùbá yín tí àpò rẹ̀ kò funfun.

Ẹ ní nọ́ńbà náà lágídí, pé kò sí ohun tó lè pín in kó má ṣẹ́ kù, àfi ení àti òun fúnra rẹ̀. Méjì kò pín in, torí méje ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ ro àwọn fígọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlá. Mẹ́ta kò pín mẹ́rìnlá, torí náà kò lè pín nọ́ńbà náà. Ẹ fi méje pín in, márùn-ún ṣẹ́ kù. Báyìí lẹ ṣe títí dé ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́ta, lẹ bá sọ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Lójú yín, ẹgbẹ̀rún ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ wá ṣèlérí fún èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé ẹni tó bá pín in ni yóò lọ sí yunifásítì.

Èmi ò dúró ní ẹgbẹ̀rún. Mo fi mẹ́sàn-án lé e. 1,009 lọ́nà 1,013: kò ṣẹ́ kù rárá! Mo sáré gbé ìwé tí mo ti ṣe ìṣirò náà wá bá yín lóko. Ẹ ò tilẹ̀ wò ó.

"Ta ló bá ẹ ṣe é? Lọ bá ìyá ẹ bẹ gbágùúdá."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà lẹ mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ l'Ọ́jà-Ọ̀dàn. Ẹ̀gbọ́n, tí kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn rí, ló wọ yunifásítì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tu ara mi nínú pé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni. Ẹni tí kò gbani gbọ́, èèyàn lè dárí jì í. Àfi bí mo ṣe rí ìwé mi ìjọ́un lánàá, tí ẹ ká a pọ̀ sísàlẹ̀ àpótí. Lábẹ́ iṣẹ́ mi, ẹ tún ìṣirò náà ṣe lọ́wọ́ ara yín. Ẹ fa ìlà méjì sábẹ́ òdo tó ṣẹ́ kù. Ẹ máàkì í, ẹ ní mo gbà á.

Ẹ mọ̀, Bàbá! Ìgbà wo lẹ mọ̀? Ṣé kí ẹ tó fi mí sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Gbogbo ọdún tí mo fi ń rán bùbá yín, tí mo ń gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lápò wọn, ẹnu yín dà? Ṣé torí mo jẹ́ obìnrin náà ni?

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti bò yín.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí ìṣirò bá ti ku òdo, iṣẹ́ parí. Kò parí, Bàbá. Èmi ni mo ṣẹ́ kù.

Èmi ọmọ yín,
tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì lè dárí jì yín.