Ìyá Tú-u àti Àpò Tó Dorí Kodò

Ẹ kú àbọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Àwa ọmọ méjèèjì tí olóògbé bí ló ń bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi obìnrin ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, torí èmi ni mo kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́ wọn, àti torí pé ẹ̀gbọ́n mi ní ẹnu mi kì í sinmi. Ìwé mi ò pọ̀. Ẹ bá mi fara dà á.

Ọdún 1947 ni wọ́n bí màmá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Bàbá wọn ń ṣe bàtà, ìyá wọn ń bá èèyàn fọ aṣọ. Àwọn ni ọmọ kẹta, àwọn nìkan sì ni obìnrin. Òjò tó ń rọ̀ sórí páànù lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe ọmọ nínú yàrá kejì. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ìdí nìyẹn tí màmá wa ò fi pariwo láyé wọn: ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ké, ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀. Ní 1961, wọ́n fi wọ́n síṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Abẹ́rẹ́. Ọ̀gá yẹn kì í na ọmọ iṣẹ́. Á kàn gbé iṣẹ́ ẹ síbi ìmọ́lẹ̀ iná wò, á ní, "Tú u." Ó parí nìyẹn. Ibẹ̀ ni màmá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ègé aṣọ tó ṣẹ́kù lórí tábìlì pọ̀, tí wọ́n á rán an di aṣọ ìbora. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kó "tú u," kò sì fi ẹnu wọn sílẹ̀ mọ́.

Ọdún 1970 ni wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí ti ọ̀gá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, onídìrí ti dirí tán, màmá wo jígí, wọ́n rí i pé ìlà kan wọ́. Wọ́n ní, "Tú u." Ọkọ ń dúró, pásítọ̀ ń wo aago. Nígbà tí ìyàwó wá dé, bàbá sọ sí wọn létí pé, "Tó bá wá jẹ́ pé èmi náà wọ́ ńkọ́?" Màmá ní, "A ó tú yín." Bàbá bá sọ wọ́n ní Ìyàwó Tú-u. Ìgbà tí àwa ọmọ dé la sọ ọ́ di Ìyá Tú-u.

Bàbá kan tábìlì ìgéṣọ fún wọn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Ẹ mọ ohun tí màmá máa sọ. Bàbá ò tú nǹkan kan, wọ́n ki páálí bọ abẹ́ ẹ̀. Páálí yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní ti iṣẹ́, àwa ọmọ iṣẹ́ wọn mọ òfin wọn. Wọ́n á ní, "Èyí tó máa já, tú u lónìí. Èyí tó kàn wọ́, kọ́kọ́ bi ara ẹ pé ta ló ń yọ lẹ́nu." Ṣùgbọ́n tó bá kan iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn, gbogbo ẹ̀ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ní ti ìgbàgbọ́, àga tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n lè tètè padà sídìí ẹ̀rọ. Ní ti àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń rán aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Nọ́ọ̀sì kan ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, pé ọmọ jòjòló ò mọ ìlà tó wọ́. Wọ́n ní, "Ẹni tó rán aṣọ náà mọ̀ ọ́n."

Ó dáa. Ẹ wá wo aṣọ tá a fi bo pósí. Ẹ wo apá òsì, lápá ẹsẹ̀. Ṣé ẹ rí àpò ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹnu ẹ̀ kọjú sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni mo ń bọ̀ wá sọ látẹ̀ẹ̀kan.

Ọdún 2009 ni màmá bẹ̀rẹ̀ aṣọ yẹn, fún bẹ́ẹ̀dì tiwọn fúnra wọn, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń rán ti ẹlòmíràn. Wọ́n gé ègé kan lára ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ bàbá tó ti gbó sí i, pẹ̀lú àpò tí bàbá máa ń fi pẹ́ńsù sí. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ni wọ́n bá rán àpò náà dorí kodò. Bàbá ló kọ́kọ́ rí i. Bàbá ti pẹ́ńsù bọ̀ ọ́, pẹ́ńsù já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Ìyá Tú-u, ọwọ́ tẹ̀ ọ́ lónìí." Màmá ní àwọn máa tú u lọ́la. Bàbá ní, "Fi sílẹ̀ ná, kí n rí nǹkan máa fi bú ẹ." Oṣù yẹn ò tíì parí tí bàbá fi kú.

Àwa ọmọ ti tú ká nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbi iṣẹ́ wọn lọ́nà jíjìn, èmi náà ti bá ọkọ mi lọ. Ó wá ku màmá àti ẹ̀rọ. Wọ́n parí aṣọ ìbora náà, bí wọ́n ṣe gé e fẹ̀ tó ẹni méjì náà ni wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ń sùn sí apá kan bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá sùn sí èkejì. Wọ́n máa ń pè wá. Tá a bá gbé e, wọ́n á ní, "Kò sí nǹkan kan o, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá fóònù mi ń ṣiṣẹ́." A máa ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, Mà." Aládùúgbò tó bá wọn pín ògiri ní ẹ̀rọ wọn á dún díẹ̀, á dákẹ́, á tún dún. A rò pé iṣẹ́ oníbàárà ni.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n sùn lábẹ́ aṣọ yẹn, wọn ò jí.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, tú àpò yẹn, kó o yí ẹnu ẹ̀ sókè. Ìyá Tú-u la fẹ́ sin. Kí ayé má sọ pé àṣìṣe la fi bò wọ́n." Mo ní, "Bùrọ̀dá, bàbá ní kí wọ́n fi sílẹ̀." Wọ́n ní, "'Ná' ni bàbá wí. Ọdún mélòó ni 'ná'?"

Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo tú ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí mo rí, ó mú mi jókòó. Etí aṣọ yẹn ti dà bí asẹ́, ihò tí abẹ́rẹ́ lu, lórí ihò. Àjákù òwú funfun wà níbẹ̀, búlúù wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gbè é lẹ́yìn kó má baà ya. Oníṣẹ́ ni mí, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n ti tú àpò yẹn láìmọye ìgbà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tú u, wọ́n á tún rán an padà, orí kodò. Ẹ̀rọ tí aládùúgbò ń gbọ́ nìyẹn.

Mo fi í han ẹ̀gbọ́n mi lórí kámẹ́rà fóònù. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí wọn ò pè wá?" Mo ní, "Wọ́n pè wá, Bùrọ̀dá. A ní fóònù ń ṣiṣẹ́."

Mo rán an padà bó ṣe wà. Ìlà tèmi wọ́ níbì kan. Mo bi ara mi pé ta ló ń yọ lẹ́nu. Mo fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé, kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ti pẹ́ńsù bọ àpò yẹn. Ó já bọ́.

Olóògbé fi ọmọ méjì sáyé lọ, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọmọ-ọmọ márùn-ún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti tú iṣẹ́ wọn rí, àti tábìlì kan tó ṣì dúró lórí páálí.

Ìyá Tú-u, ayé ti tú yín sílẹ̀. Kí ibi tẹ́ ẹ lọ fẹ̀ tó ẹni méjì. Kí ẹni tẹ́ ẹ fi apá kejì sílẹ̀ dè wà níbẹ̀, kó máa bú yín. Ẹ sùn re o, Mà. Ẹ sùn ná.