Ẹ Má Fọ Òkúta Mi Mọ́

                                        Ilé Onígéètì Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn Eegun.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi tí kò ṣe é pààrọ̀,

Ṣé dáadáa lo jí? Ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́, ṣé o ti ń fi rí òkèèrè báyìí, àbí o ṣì ń kí òpó iná pé ẹ káàárọ̀? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú ti fà? Àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó máa ń fa irùngbọ̀n rẹ? Mo kí gbogbo yín pátá. Èmi náà wà. Orúnkún mi máa ń dùn mí láàárọ̀, á sì rọjú tó bá di ọ̀sán, ṣùgbọ́n fúnra mi ni mò ń dìde, fúnra mi ni mò ń wẹ̀, fúnra mi ni mò ń se oúnjẹ mi. Fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ìyá aránṣọ tó ń gbé ní ilé kejì sí mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ṣúgà sí i. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ.

Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí àkọ́bí mi, ó sì ń bí mi sí ìwọ náà. Ọmọbìnrin mi ti jíṣẹ́ tí o rán an lórí fóònù. O ní kí n gbà, kí n kó ẹrù mi, kí n tẹ̀ lé àkọ́bí mi lọ sílé rẹ̀. O ní o gbọ́ pé mo pa ẹja méje nítorí pé mo gbàgbé láti fún wọn lóúnjẹ, àti pé ẹni tó bá gbàgbé oúnjẹ ẹja lónìí, lọ́la á gbàgbé iná nídìí ààrò. Ta ló sọ fún ọ? Ẹni tó sọ ọ́ fún ọ ló pa wọ́n. Ọ̀rẹ́ àádọ́ta ọdún, o gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo, o sì dá a. O mọ ohun tí àwọn àgbà ń pe irú adájọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n jókòó kí o gbọ́ tèmi.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ṣubú lórí ebè ni dókítà eegun ti ní mi ò gbọdọ̀ gbé ọkọ́ mọ́. Èmi tí bàbá mi ṣe àgbẹ̀, tí èmi náà ṣe é títí irun mi fi funfun, wọ́n ní kí n máa jókòó. Mo jókòó. Mo wo ògiri títí mo fi mọ iye ihò ìṣó tó wà lára rẹ̀. Ilé-ìwòsàn yẹn náà ni mo wà lọ́jọ́ kan, níbi tí a ti ń dúró de dókítà, tí mo rí àpótí dígí kan. Omi oníyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja kéékèèké tí àwọ̀ wọn dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn wọ́n lọ́dà. Èmi tí mi ò fojú kan òkun rí! Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè mí wọlé tí mi ò gbọ́. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹja ààyè wà níbẹ̀ tó ń tún àpótí náà ṣe. Mo bi í bóyá èèyàn lè ní irú rẹ̀ nínú ilé. Ó wo orúnkún mi, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, “Bàbá, iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀ o. Kì í ṣe tẹni tó bá ń kánjú.” Mo ní ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ta ló fi ìkánjú mú àgbàdo hù rí?

Nígbà tí àkọ́bí mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bẹ̀rù odò!”

Ẹlẹ́ja, bí mo ṣe ń pe ọkùnrin náà nìyẹn, gbé àpótí wá sí pálọ̀ mi, ó gbé e síbi tí oòrùn kò ti lè ta á. Ó da iyanrìn sí ìsàlẹ̀. A po iyọ̀ òkun mọ́ omi nínú ike ńlá, a rò ó títí ó fi tòrò. Ó to òkúta tí wọ́n kó láti inú òkun síbẹ̀, òkúta oníhò wúruwùru. Lẹ́yìn náà ló mú edé tútù kan, ó jù ú sínú omi, ó ní ká fi sílẹ̀ kó jẹrà. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré. Ó ní àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín kan wà nínú ihò àwọn òkúta yẹn tí ojú kò lè rí, àwọn ni wọ́n ń jẹ májèlé tó ń jáde láti inú ìgbẹ́ ẹja. Edé tó ń jẹrà ni oúnjẹ tí wọ́n á fi bí sí i. Bí wọn kò bá tíì pọ̀ tó, ẹja tí a bá kó síbẹ̀ á mu ìdọ̀tí ara rẹ̀ kú. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, láìsí ẹja kankan. Lójú ẹsẹ̀ ló yé mi. Ṣebí bí a ti ń fi ìgbẹ́ ẹran bọ́ ilẹ̀ tó ti ṣá náà ni, ká tó gbin nǹkan sí i.

Ó wá fún mi ní ìgò kékeré kan, oògùn tí wọ́n ń kán sí i, àti páálí tí wọ́n kun oríṣiríṣi àwọ̀ sí. Màá bu omi sínú ìgò, màá kán oògùn sí i, màá gbé e ti páálí. Bó bá ní àwọ̀ ewé, májèlé ṣì wà. Bó bá pọ́n rúsúrúsú, ó ti dára. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò dá lẹ́tà kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n ṣé èmi ni wọ́n máa kọ́ ní ohun tó pọ́n àti ohun tí kò pọ́n? Láràárọ̀ ni mò ń wo omi mi. Láràárọ̀ ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ìyá aránṣọ fa ìlà kan sára ògiri kí n lè mọ iye ọjọ́. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, èérí kan tó jọ ìpẹtà irin bo iyanrìn àti òkúta. Mo pe Ẹlẹ́ja. Ó ní èpò tó máa ń kọ́kọ́ hù lórí ilẹ̀ tuntun ni, omi ti ń jí nìyẹn, kí n má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n ni ilé-ìwòsàn dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí orúnkún mi. Mo fún àkọ́bí mi ní kọ́kọ́rọ́ kó lè máa bá mi yẹ ilé wò. Kí n tó jáde, mo wo ìgò: àwọ̀ ewé ti ń ṣá, pípọ́n ti ń wọlé. Ó ku díẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, mi ò mọ pálọ̀ mi mọ́. Dígí ń dán. Iyanrìn funfun bí ìyẹ̀fun, òkúta funfun bí eegun tí òjò ti fọ̀. Ẹja méje ń lúwẹ̀ẹ́. Àkọ́bí mi àti ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

“Bàbá, ẹ káàbọ̀! Ẹ wò ó! Àṣé edé jíjẹrà lẹ jọ ń gbé inú ilé, gbogbo pálọ̀ ń rùn! Odindi Sátidé la fi fọ̀ ọ́, a po iyọ̀ tó kù mọ́ omi tuntun, a sì ra ẹja méje sí i fún yín.”

Mo bi í pé kí ló fi fọ òkúta.

“Ọṣẹ ìfọṣọ, Bàbá, àti omi gbígbóná. A fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó mọ́ ju àwo tí mo fi ń jẹun lọ.”

Mo jókòó. Orúnkún kọ́ ló mú mi jókòó. Mo ní, “O ti pa wọ́n.” Ó ní, “Ta ni mo pa, Bàbá? Ṣebí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nìyẹn.” Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò ó. O mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wo arúgbó tó bá ń pe òkú wá jẹun ni.

Ẹja àkọ́kọ́ kú lọ́jọ́ kejì. Mo kán oògùn sínú ìgò, omi dúdú bí ewé inú igbó. Ẹlẹ́ja wà ní ìrìn àjò. Lórí fóònù, ó ní kí n máa gbọ́n omi jáde díẹ̀díẹ̀, kí n máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí n sì dín oúnjẹ wọn kù gan-an, torí oúnjẹ tí wọ́n bá ṣẹ́kù ń bí májèlé sí i. Pẹ̀lú orúnkún yìí ni mo fi gbé korobá fún ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó kú gbẹ̀yìn jẹ́ pupa kékeré kan tó ní ìlà funfun mẹ́ta lára. Ó wá sójú omi, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Mo fi ọwọ́ gbé e, ó sì kú sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Màlúù ti kú lọ́wọ́ mi rí, mi ò sunkún. Mo sunkún ẹja tí kò gùn tó ìka mi. Ìyá aránṣọ, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má pa á rẹ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni àkọ́bí mi wọlé. Ó rí omi tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì rí ike oúnjẹ ẹja tó ṣì kún. Ó gbé ike náà sókè bí ọlọ́pàá tó rí ẹrù olè. “Bàbá, ẹ kò fún wọn jẹ!” Mo ṣàlàyé. Ó ní, “Omi tó mọ́ tó báyìí, Bàbá, kí ló lè pa ẹja nínú ẹ̀ bí kì í bá ṣe ebi?” Ẹnjiníà! Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá, kò mọ̀ pé omi mímọ́ lè jẹ́ omi tó ti kú. Ó gba fóònù, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀, ó pe ìwọ náà: bàbá ń kó edé jíjẹrà sínú ilé, bàbá ń fa ìlà sára ògiri, bàbá fi ebi pa ẹja. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bá onímọ́tò ẹrù sọ̀rọ̀ fún Sátidé tó ń bọ̀.

Ṣé o ti wá rí ohun tó ń bí mi nínú? Kì í ṣe pé ó fọ òkúta. Ẹni tí kò mọ̀ lè ṣèèṣì. Ó fọ̀ ọ́ láìbéèrè, ó gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé mi lórí, ó wá fẹ́ fi ẹ̀bi náà gba ilé mi lọ́wọ́ mi! Ilé tí mo fi àgbàdo kọ́, búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ní yàrá mi ti wà nílẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pé ìyàwó òun á máa gbé oúnjẹ wá bá mi. Màá jókòó sínú yàrá mímọ́, wọ́n á máa yọjú wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

Ìyá aránṣọ ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní èmi náà lẹ́bi, pé kí ló dé tí mi ò ṣàlàyé edé àti èérí yẹn fún ọmọ mi kí n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní kó gbé bírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fi mí rẹ́rìn-ín ni mo ti pinnu pé mi ò ní sọ nǹkan kan fún un, títí tí á fi wọlé lọ́jọ́ kan tí á rí ẹja, tí ẹnu á yà á. Ìgbéraga ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìgbéraga yàtọ̀ sí ìgbàgbé, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń tìtorí ìgbéraga kó lẹ́rù kúrò nílé rẹ̀.

Àná ni Ẹlẹ́ja ti ìrìn àjò dé. Ọmọbìnrin mi, èyí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lọ́dọ̀ mi. Ẹlẹ́ja gbé òkúta kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó jù ú sínú korobá omi, ó fi ọwọ́ rò ó. Omi hó. Ọmọbìnrin mi wo ìhó náà, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣojú mi: “Bọ̀dá mi, òkúta Bàbá ń hó bí aṣọ tí wọn ò ṣàn.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹja kọ́ ni mọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni, mọ́tò ṣì ń bọ̀ ní Sátidé. Ṣé o gbọ́? Nígbà tí ẹja kú, ọ̀rọ̀ ẹja ni. Nígbà tí òkúta hó, ó di ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí!

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọbìnrin mi. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé Ẹlẹ́ja ti fún mi ní òkúta mìíràn, pé láàárọ̀ ọ̀la màá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi náà àfi èmi. Bí mo bá wá kó ẹja sí i tí wọ́n sì kú láàárín oṣù kan, màá ru ẹrù mi fúnra mi, màá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀ mí. Bí wọ́n bá yè, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò ẹrù mọ́. Ó ní òun á rò ó. Láàárọ̀ òní, kí n tó ránṣẹ́ sí ìyá aránṣọ, mo ti ṣe bí mo ṣe wí, mo sì ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn.

Ìwọ ni àkọ́bí mi máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu láti kékeré, ju èmi bàbá rẹ̀ lọ. Mi ò ní kí o bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé o ti gbọ́ tèmi, pé kó dá onímọ́tò dúró. Kò ní ṣòro fún ọ, ṣebí kò ṣòro fún ọ láti bá a gbè.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó máa gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Bá mi kí alágbẹ̀dẹ wa àtijọ́ tí ẹ bá ríra. Ìyá aránṣọ kí ọ, ó ní òun kò mọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n àánú rẹ ṣe òun.

Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ wá ní Sátidé. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ wá bá mi jókòó ni, àga rẹ wà. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ wá bẹ̀ mí ni, ìlẹ̀kùn á wà ní títì fún ìwọ náà.

Èmi tí inú ń bí sí ọ, tí kò sì ní ọ̀rẹ́ méjì,
Olórí-Kunkun.