Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà Ese Nínú Ewì Àwọn Ará Ṣáínà

Mi ò lóyún o. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ìyá ìjọ wa ní Warri níbí ló ti ń kí mi kú oríire láti ọjọ́ tí mo dìde láàárín èrò tí mo ní inú ń run mí. Inú kankan ò run mí. Ìbínú ni, ẹ̀yin èèyàn mi, ìbínú tí mi ò rí ẹni bá sọ... ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i.

Olùkọ́ yunifásítì ni mí. Ewì àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó, ẹni tí fóònù Ṣáínà rẹ̀ bá bàjẹ́, èmi ló ń gbé e wá bá. Ní gbogbo ẹ̀ka wa, èmi nìkan ni mo lè ka èdè àtijọ́ yẹn. Prof, ọ̀gá ẹ̀ka wa, kò mọ ẹyọ kan níbẹ̀, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tiẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ese, ọmọ Urhobo. Fún púrójẹ́ẹ̀tì àṣejáde rẹ̀, ó tú àwọn ewì ìdágbére sí pijin Warri, ó sì dùn débi pé ẹkún gbọ̀n mí nígbà tí mo kà á. Láyé àtijọ́, tí ọ̀rẹ́ bá ń lọ sọ́nà jíjìn, àwọn ará Ṣáínà á ṣẹ́ ẹ̀ka igi wílò fún un. Ese ò rí wílò rí. Àmọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ní Orhuwhorun, kò sí ọmọ tó máa kúrò nílé kó má hú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan fún un, pé kó lọ gbìn ín síbi tó bá ń lọ. Ni Ese bá yọ wílò, ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ìparí iṣẹ́ náà. Èmi ni mo gbà á láyè.

Prof ní kí n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kí òun wò ó. Mo fi ránṣẹ́. Kí lẹ rò pé ó ṣe? Lọ́jọ́ tó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá níwájú gbogbo yunifásítì, ewì Ese ni mò ń gbọ́ lẹ́nu bàbá yìí! Lọ́kọ̀ọ̀kan! Ó ní òun lòun tú wọn. Ó wá dé ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀... olè ò tiẹ̀ ka àlàyé tó wà lẹ́yìn! Ó nawọ́ sókè, ó ní ìwádìí òun fi hàn pé àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ máa ń hú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ese tó jókòó lẹ́yìn mi rọra bi mí pé, "Ma, no be my grandmama plantain be dat?" Ni wọ́n bá ní kí n bọ́ síwájú wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Prof, torí èmi ni mo mọ Ṣáínà. Mo dìde, mo di inú mú, mo ní inú ń run mí, mo jáde. Bí mo ṣe di aboyún lójú àwọn ìyá ìjọ tó wá bá Prof yọ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí, ó ní kí n sọ fún Ese pé kó wá àkòrí mìíràn, torí bó bá mú iṣẹ́ yẹn wá, wọ́n á ní ó jí ti òun wò. Ó jí ti òun! Ẹ gbà mí! Àkòrí mìíràn túmọ̀ sí pé ọmọ náà ò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún yìí. Ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rán mi létí pé wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, ọwọ́ òun ló sì wà.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé Ìjẹ̀bú ni, bíi tèmi. Bàbá Ìjọ wa ni. Nígbà tí ibi iṣẹ́ ọkọ mi gbé e wá sí èbúté Warri, tí a ò mọ ẹnì kankan, òun ló bá wa wá ilé sí àdúgbò Ekurede. Ọkọ mi ní kí n gbé e mì, pé mélòó la tiẹ̀ jẹ́ nílùú yìí tí a ó máa tú àṣírí ara wa lójú àwọn onílùú. Ṣé torí ó bá mi wá ilé ni kó ṣe gba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ? Ṣé Yorùbá ni wọ́n fi ń bo olè ni? Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ó dúró lórí pẹpẹ, ó ń sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́, ọkọ mi ń fi ìgúnpá gún mi pé kí n ṣe Àmín.

Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ àkòrí mìíràn yẹn fún Ese, ó rò pé mo ti bá òun yanjú ẹ̀. Lánàá, ó gbé àpò kan wá sílé mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá àgbà ti hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiẹ̀ fún un, èyí tó máa gbé lọ síbi tí wọ́n bá rán an lọ ṣe agùnbánirọ̀, kí n bá òun tọ́jú ẹ̀ torí kò sí ilẹ̀ nílé tó háyà. Mo gbà á. Ó wà lẹ́yìn kíṣìnnì mi báyìí, mò ń bomi rin ín, mò ń sunkún, inú ń bí mi.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yẹ iṣẹ́ Ese àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kí ni kí n ṣe? Kí n sọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ bọ́, kí ilé mi dàrú? Àbí kí n dákẹ́, kí n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Orhuwhorun, kí n kúnlẹ̀ fún ìyá yẹn, kí n ní, Mama, ẹ gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín o, ọmọ ò lọ mọ́?